Ẹ̀bi Di Ẹbí

Kí n tètè fẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíì tó bá mi sọ ọ́: èmi ni mo gbe orin tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba àárín Àlájà àti ọmọ rẹ̀ jẹ́ kọjá àtúnṣe. Èmi kọ́ ni mo dá a. Ṣùgbọ́n mo gbè é, ẹ̀ẹ̀mẹrin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo sì gbè é, orí mi ń wú bí mo ti ń gbè é lọ.

Ẹlẹ́gbè ni mí. Àlájà ni olórí wa, òun ló ń dá orin, àwa obìnrin mẹ́fà yòókù á máa gbè é. Wákà là ń kọ, orin àwa obìnrin mùsùlùmí: níbi yìgì, níbi ìsọmọlórúkọ, nígbà tí èèyàn bá ti Mẹ́kà dé. Bí kò bá sí òde, inú ṣọ́ọ̀bù mi lẹ ti máa bá mi, lẹ́nu géètì Jákàńdè ní Ìsọlọ̀, níbi tí mo ti ń ta òwú, bọ́tìnnì àti síìpù fáwọn télọ̀. Inú ẹ́státì yẹn náà ni Àlájà ń gbé, lókè pátápátá nínú ọ̀kan lára àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ibẹ̀. Ó ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún. Orúnkún ń dùn ún, èémí rẹ̀ kì í gùn mọ́, àmọ́ ahọ́n rẹ̀ ṣì mú. Bí o bá ṣi orin gbè lójú rẹ̀, ó máa wò ọ́ bí ẹni pé o fi bàtà tẹ ẹní ìkírun rẹ̀.

Láyé kásẹ́ẹ̀tì, inú yàrá kan náà ni gbogbo wa máa ń wà. Máíkì kan ṣoṣo ló máa wà láàárín. Àlájà á dúró níwájú rẹ̀, àwa á rọ̀gbà yí i ká, ẹni tí ohùn rẹ̀ le á dúró sẹ́yìn, ẹni tí tirẹ̀ rọ̀ á sún síwájú. Bí ẹnì kan bá wúkọ́, gbogbo wa la máa padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Mo rántí ọjọ́ tí a kọ orin kan nígbà mọ́kànlá torí pé ọ̀kan nínú wa lóyún, ọmọ inú rẹ̀ sì ń ta á nípàá nígbàkigbà tí a bá ti dé ẹsẹ kẹta. A bínú, a rẹ́rìn-ín, a jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà, a tún bẹ̀rẹ̀. Kí a tó dé sítúdíò rárá, a ti máa ń fi ọ̀sẹ̀ méjì jókòó sí pálọ̀ Àlájà. A mọ ohun tí orin ń wí, a sì mọ ẹni tó ń bá wí.

Gbogbo ìyẹn ti lọ. Nínú àwa mẹ́fà, méjì ti kú, ọ̀kan bá ọmọ rẹ̀ lọ sí Ìbàdàn, méjì ní ara àwọn ò gbé e mọ́. Ó ku èmi. Bó bá jẹ́ láyé kásẹ́ẹ̀tì ni, ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ wa ì bá parí sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọ náà. Àlájà bí márùn-ún, obìnrin kan ṣoṣo ló wà nínú wọn. Ọmọ yìí ń gbé ní Ire-Akari, níbi tí ẹni tó bá mọ ọ̀nà ẹ̀yìn lè fẹsẹ̀ rìn dé láti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, síbẹ̀ odindi ọdún méje ni wọn ò fi rí ara wọn sójú. Ọkùnrin tó fẹ́ ti bímọ kan síta kó tó pàdé rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n so yìgì wọn, Àlájà kò lọ. Ìyá tó kọrin fún gbogbo ìyàwó Ìsọlọ̀ kò kọrin fún ọmọ tirẹ̀. Ṣógúnlé la wà lọ́jọ́ Sátidé yẹn, níbi yìgì ẹlòmíì, Àlájà sì wí fún wa nínú ọkọ̀ pé ẹbí ló ní kí ẹnikẹ́ni má lọ, pé kí lòun fẹ́ ṣe. Gbogbo wa pòṣé, a bú ẹbí. Ta ni ò mọ ohun tí ẹbí lè ṣe? Ọ̀rọ̀ kan náà ni Àlájà sọ fún ọmọ rẹ̀. Ó ní ó dáa, tó bá jẹ́ pé ẹbí wọn ju òun lọ, kí wọ́n máa bá ẹbí wọn gbé. Ó bí ọmọ méjì lẹ́yìn ìgbà yẹn. Inú fóònù mi ni Àlájà ti máa ń wo àwòrán wọn, á ní kí n fẹ̀ ẹ́ kóun lè rí ojú wọn dáadáa.

Lọ́dún tó kọjá, Àlájà ṣubú ní balùwẹ̀. Egungun kankan ò ṣẹ́, àmọ́ ó dẹ́rù bà á. Nígbà tó lè jókòó, ó ránṣẹ́ pè mí, ó ní òun fẹ́ kọ orin kan sí ọmọ òun kí ọlọ́jọ́ tó dé. Mo ní ṣé kò ní rọrùn kí n kàn pè é sórí fóònù kí wọ́n jọ sọ̀rọ̀.

Ó ní, “Ohun tí mo fẹ́ wí, ẹnu mi ò lè wí i. Àmọ́ mo lè kọ ọ́ lórin.”

Kò sọ ohun tó wà nínú orin náà fún mi, èmi náà ò sì bi í. Mo rò pé tó bá dé sítúdíò a máa jọ gbọ́ ọ.

Sítúdíò tí mo rí fún un wà ní Ṣógúnlé, yàrá kan lókè ibi tí wọ́n ti ń jó ilẹ̀kùn onírin, tí wọ́n fi páálí ẹyin àti tìmùtìmù àtijọ́ bo ara ògiri kí ariwo má baà wọlé. Ọkùnrin tó ni ibẹ̀ ń sún mọ́ ogójì ọdún, ó níyàwó, ó bímọ. Ọ̀ṣun ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, Òṣòdì ni wọ́n bí i sí, ó sì ti ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì láti kékeré. Pródúsà ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Inú kọ̀ǹpútà kan ló kó gbogbo ohun èlò sí, agogo, fèrè, gìtá, ohun tó bá ti wù ọ́. Ó ní ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kan tó gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ obìnrin kan lẹ́ẹ̀kan péré, mímì mẹ́ta sí mẹ́rin, tó sì ti fi ṣe orin tí kò lóǹkà. Nígbà tó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ fún mi gbọ́, mo sọ sí i lójú pé olè ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní obìnrin náà mọ̀ sí i, àti pé gbogbo ìgbà tó bá gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lórí rédíò ló máa ń pe òun láti ṣàdúrà fún òun. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Èèyàn dáadáa ni, kí n má parọ́ mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ tí Àlájà lọ kọ tirẹ̀, Iléyá ti sún mọ́lé, àwọn télọ̀ kún ẹnu ọ̀nà mi fọ́fọ́, mi ò ráyè bá a lọ. Mo wá kẹ̀kẹ́ fún un, mo ní kí onítọ̀hún rọra wakọ̀. Nígbà tó dé, inú rẹ̀ dùn. Ó ní Pródúsà gbé àga fún òun, kò jẹ́ kóun dúró, ó ní kóun kọ ìlà kan, kóun sinmi, kóun mu omi, kóun tó kọ ìkejì. Ó ní òun bẹ̀rù pé èémí òun ò ní tó, àmọ́ ọkùnrin yẹn ní kóun má ṣèyọnu, ẹ̀rọ á so ó pọ̀. Ẹ wò ó, bí kì í bá ṣe ẹ̀rọ yìí, orin yẹn ì bá má jáde lẹ́nu rẹ̀ láéláé. Mo fẹ́ kí ẹ rántí ìyẹn tí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́.

Lọ́jọ́ kẹta ni èmi lọ gbe tèmi. Èmi nìkan ni, kò sí Àlájà níbẹ̀. Pródúsà gbé hẹ́dífóònù sí mi létí, ó tẹ orin, ohùn Àlájà sì wọlé, ó jọ̀lọ̀, ó gún régé, bí ohùn rẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ó ki ọmọ rẹ̀, ó ṣàdúrà fún un, ó wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà: ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín èmi àti ìwọ, ẹbí mi ni, ẹbí mi ni. Mo mi orí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni jàre, ẹbí ni. Ohun tó wí fún wa nínú ọkọ̀ lọ́jọ́sí náà nìyẹn. Pródúsà bi mí pé kí la máa fi gbè é, mo dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀ pé “Ẹbí ni o, ẹbí ni.”

Mo gbè é lẹ́ẹ̀kan. Ó ní kí n tún un gbè, kí n fi ohùn pẹ̀lẹ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ní kí n lọ sókè díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹrin, kí n lọ sísàlẹ̀. Ó tò wọ́n léra, ó ní kí n gbọ́. Yéè, obìnrin mẹ́rin ló ń kọrin, gbogbo wọn sì ni èmi! Ní gbogbo ọdún tí mo fi dúró lẹ́yìn àwọn tó lóhùn jù mí lọ, mi ò gbọ́ ara mi báyẹn rí. Mo ní kó tún un tẹ̀. Mo ní kó tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ara mi ni mò ń gbọ́ nígbà yẹn, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́.

Ó fi orin náà ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Mo gun òkè lọ bá Àlájà, mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ fún un, ó gbé ọwọ́ sókè. Ó ní tóun bá gbọ́ ọ, òun á rí ibi tí kò dáa, òun ò sì ní jẹ́ kó lọ mọ́. Ó ní kí n fi ránṣẹ́ sí ọmọ òun níbi tí mo jókòó sí yẹn, kóun rí i pé ó ti lọ. Mo tẹ̀ ẹ́, ó lọ.

Kí wọ́n tó pe ìrun alásárì, èsì ti dé. Ohùn ni ọmọ náà fi ránṣẹ́, kò kígbe, kò sunkún.

Ó ní, “Àǹtí, ẹ bá mi sọ fún Màmá pé mo ti gbọ́. Ọdún méje, orí ẹbí náà ni wọ́n ṣì ń dì í lé. Wọ́n tiẹ̀ ti wá ní ẹlẹ́gbè báyìí.”

Mi ò mọ ohun tí a ṣe, àmọ́ mo mọ̀ pé a ti ṣe é. Mo tún gun òkè lọ bá Àlájà, mo tẹ èsì náà fún un. Ó ní kí n tẹ orin gan-an. Ẹsẹ àkọ́kọ́, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ohùn ara rẹ̀. Nígbà tó dé ibẹ̀ yẹn, ó di ọwọ́ mi mú, ó dùn mí. Ó ní kí n dá a padà. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì.

“Ẹ̀bi ni mo wí,” ó ní. “Ẹ̀bi mi ni. Ta ló sọ ọ́ di ẹbí?”

Ẹ̀yin tó kàwé dé ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé e lé dò-re-mí, ẹ máa rí i. Ẹ̀bi, dò-re nìyẹn. Ẹbí, re-mí nìyẹn. Àkàsọ̀ kan péré ló wà láàárín wọn. Àlájà ti kọ ọ́ sísàlẹ̀, ohùn àgbà tó ti rẹ̀, ẹnì kan sì gbé e gun àkàsọ̀ kan. Ìyá ní ẹ̀bi òun ni, ẹ̀rọ ní ẹbí òun ni, èmi dúró lẹ́yìn, mo ní bẹ́ẹ̀ ni o, ẹbí ni. Ojú tì mí débi pé mi ò lè wo Àlájà. Láyé àtijọ́, pálọ̀ yẹn náà ni ǹ bá ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ kí n tó gbè é.

Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣe mọ́, Ṣógúnlé ni mo gbà lọ, mi ò tiẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mo bínú sí Pródúsà dé góńgó. Mo bi í pé ṣé Yorùbá kọ́ ni ìyá rẹ̀ ni. Ó ṣàlàyé, ó ṣí kọ̀ǹpútà hàn mí. Lójú kọ̀ǹpútà náà, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan rí bí ègé ọṣẹ tí wọ́n tò sára okùn. Ó ní ohùn Màmá ń rẹlẹ̀ sábẹ́ kíbọ́ọ̀dù níbẹ̀, òun sì fi ọwọ́ fà á sókè kó lè bá a mu. Gbogbo òru ló fi ṣe é, kò sì gba kọ́bọ̀ lé e. Ó rò pé ẹ̀bùn lòun ń fún ìyá arúgbó.

Ó ní, “Àǹtí, ohùn ni mo tún ṣe. Mi ò fọwọ́ kan ọ̀rọ̀.”

Mo ní, “Lédè wa yìí, ta ló ń ya ohùn kúrò lára ọ̀rọ̀?”

Ó wá sọ ohun kan tó mú kí inú mi rọ̀ sí i. Ó ní láti kékeré lòun ti ń kọ orin ìyìn tí wọ́n fi Yorùbá sínú ohùn òyìnbó, tí ọ̀rọ̀ máa ń wọ́ nínú rẹ̀ tí gbogbo ìjọ á sì ṣì mọ ohun tó ń wí. Ó ní bóyá ìdí nìyẹn tí etí òun fi ti di èyí tó ń dárí ji ọ̀rọ̀. Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Etí tèmi tí kì í dárí jì í, ṣebí òun náà gbọ́ ọ, tó sì gbè é. Mo jókòó.

Ó ní kí n má bẹ̀rù, pé kò sóhun tó sọnù, ohùn tí Màmá kọ́kọ́ kọ ṣì wà lábẹ́ èyí tóun tún ṣe. Ó tẹ nǹkan kan. Àlájà wọlé, bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lónìí, ohùn tó ń gbọ̀n, tó há, tí èémí ń já. Ẹ̀bi mi ni. Ó dúró, ó mí, ó tún un wí. Omijé bọ́ lójú mi, mi ò purọ́ fún yín. Pródúsà gan-an yíjú sí ògiri.

Mo pe Àlájà lórí fóònù, mo ní kí n bá a tún un gbè báyìí, kí n fi ọ̀rọ̀ tó tọ́ gbè é. Ó ní rárá.

Ó ní, “Ẹ̀bi kì í ní ẹlẹ́gbè.”

Pródúsà bẹ̀rẹ̀ sí í nu èmi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò. Èyí tó lọ sókè ló kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà èyí tó lọ sísàlẹ̀. Ó dùn mí. Mo mọ̀ pé kò yẹ kó dùn mí, àmọ́ ó dùn mí.

Mo fi èkejì ránṣẹ́ sí ọmọ náà, mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé àṣìṣe ẹ̀rọ ni ti àkọ́kọ́. Ọjọ́ méjì, kò fèsì. Àlájà ò bi mí léèrè, àmọ́ gbogbo ìgbà tí fóònù mi bá ti dún, á wo ẹnu mi.

Lọ́jọ́ kẹta, mo gbójú sókè nínú ṣọ́ọ̀bù, ọmọ náà ló dúró síwájú mi. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó ti sanra díẹ̀, ojú ìyá rẹ̀ ló gbé wá. Ó bi mí pé nínú orin méjèèjì, èwo ni wọ́n kọ́kọ́ kọ. Mo ní èyí tí kò ní ẹlẹ́gbè. Ó mi orí. Ó ní òun ò fẹ́ rí mi fín, àmọ́ ayé ti dayé ẹ̀rọ, wọ́n ń mú kí òkú kọrin, kí alààyè sọ ohun tí kò sọ. Ó ní tí wọ́n bá lè gbé ẹ̀bi sókè kó di ẹbí, ẹni tó bá gbọ́ pé inú òun ò dùn náà lè fa ẹbí wálẹ̀ kó di ẹ̀bi. Mo ní mo búra. Ó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dáhùn pé ẹlẹ́gbè wọn ṣáà ni mí, iṣẹ́ mi ni kí n máa gbe ohun tí wọ́n bá wí.

Òótọ́ ló sọ. Mo kàn ní ìyá rẹ̀ wà lókè níbẹ̀ yẹn, kò sí ẹ̀rọ lẹ́nu rẹ̀, kó lọ bi í. Ó mú páálí bọ́tìnnì kan, ó wò ó, ó dá a padà sáàyè rẹ̀. Ó ní ṣé mo lè bá òun lọ. Mo ti ilẹ̀kùn.

Àlájà jókòó sórí àga, ó na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún síwájú. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó dìde, kò jókòó. Ó ní, “Màmá, èwo lẹ wí nínú méjèèjì?”

Àlájà wo ọwọ́ ara rẹ̀.

“Ẹbí ní kí n lọ,” ó ní. “Inú pálọ̀ yìí ni wọ́n ti bẹ̀ mí. Wọ́n ní ọmọ mi ni, kí n gbàgbé ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn, kí n lọ. Èmi ni mo ní mi ò lọ. Ojú ń tì mí pé wọ́n á ní wo ọmọ olórin, wo irú ọkọ tó mú wálé. Mo wá fi ẹbí bojú.”

Mo fara ti ògiri. Ọdún méje ni mo fi bú àwọn aláìṣẹ̀.

Ọmọ náà bèèrè pé níbo ni wọ́n wà lọ́jọ́ yìgì òun. Àlájà ní Ṣógúnlé, òun ń kọrin ìyàwó fún ọmọ ọlọ́mọ. Ọmọ náà wò mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo wà níbẹ̀.

Ó fa àpótí kan, ó jókòó síwájú ìyá rẹ̀. Ó ní, “Ẹ kọ orin ìyàwó yẹn fún mi.”

Àlájà ní èémí òun ò gbé e mọ́. Ọmọ náà ní kí wọ́n máa sinmi láàárín, òun ò kánjú lọ síbì kankan. Àlájà bẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ̀ já níbi méjì, ó dúró, ó mu omi, èmi nìkan ń gbè é láti ẹ̀gbẹ́ ògiri, mo rọra ń gbè é, mò ń fetí sí gbogbo ọ̀rọ̀. Nínú orin yẹn, ibì kan wà tí olórin ti máa ń pe ìyàwó lórúkọ. Ìyàwó kì í fèsì níbẹ̀, ńṣe ló máa ń tẹrí ba tí wọ́n á fi kọjá. A dé ibẹ̀, Àlájà pe ọmọ rẹ̀ lórúkọ.

Ọmọ náà jẹ́ ẹ. Ó ní, “Mà.”